Nígbà Tí Màámi Kú, N Kò Lè Sunkún

Ìrẹsì ń jóná lórí iná, mo sì jókòó tì í, mò ń wò ó. Òórùn rẹ̀ ti gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa. Mo gbọ́ òórùn náà dáadáa. Mo mọ̀ pé kò ju kí n na ọwọ́, kí n pa gáàsì. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi méjèèjì wà lórí itan mi bí ọwọ́ ẹlòmíràn. Ìyá Éjíró, ará Ùròbò tó ń gbé yàrá tó tẹ̀ lé tiwa, ló sáré wọlé tó pa iná náà. Ó wo ojú mi, ó ní, "Ìyá Tómi, you no dey smell am? Ṣé kò sí nǹkan?"

Mo ní kò sí nǹkan. Ìgbà tó jáde tán ni ẹ̀rù bà mí. Mo mọ̀ pé irọ́ ni mo pa, n kò sì mọ òtítọ́ tí ǹ bá sọ.

Ẹni ọdún méjìlélógójì ni mí nígbà náà. Adébísí lorúkọ mi. Ọ̀fíìsì àwọn ejẹ́ǹtì tó ń bá ènìyàn gba ẹrù jáde ní wáàfù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní Warehouse Road ní Àpápá. Èmi ni mo máa ń to ìwé ẹrù sórí kọ̀ǹpútà. Ọkọ mi, Sùnkànmí, ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan tí kò jìnnà sí wa, òun ló ń wa ọkọ̀ tó ń gbé páálí ẹrù sókè. Ajégúnlẹ̀ là ń gbé, àwa méjèèjì àti Tómisìn ọmọ wa. A kì í ṣe olówó, a kò sì tòṣì. Kò sí ohun kan pàtó tí mo lè nàka sí pé òun ló fà á.

Lẹ́yìn ọjọ́ ìrẹsì yẹn ni mo wá ń ṣàkíyèsí àwọn nǹkan tó ti ń ṣẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ara mi wúwo bí aṣọ tí wọ́n rì sómi tí wọn kò fún. Oúnjẹ kò ní adùn lẹ́nu mi mọ́, ata kò ta mí, iyọ̀ kò dùn, bí ìgbà tí mò ń jẹ páálí ni. Mo máa ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́, oorun á sì kọ̀ láti padà. Ní ọ̀fíìsì, màá ka ìlà kan lórí ìwé ẹrù, màá tún un kà, màá tún un kà, kò ní wọlé. Ẹ̀yìn ọrùn ń dùn mí. Àyà mi ń dì. Tí Tómisìn bá dé láti ilé ìwé, tó ń ròyìn, mo máa ń rí ẹnu rẹ̀ tó ń mì, màá máa mi orí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò ní dé ibi tí mo wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún ẹni tó bá ń ka èyí tó sì ń wo ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Àwọn ènìyàn rò pé ẹni tó ní àìsàn yìí ń sunkún ní gbogbo ìgbà. Òótọ́ ni fún àwọn kan. Ní tèmi, kò sí ẹkún rárá. Kò sí ìbànújẹ́, kò sí ayọ̀, kò sí ìbínú. Inú mi dà bí yàrá tí wọ́n kó ẹrù inú rẹ̀ lọ.

Ibà ni a kọ́kọ́ pè é. Ọ̀gbẹ́ni tó ni kẹ́míìsì ní àdúgbò wa fún mi ní oògùn ibà, ó tún fún mi ní ti táífọ́ọ̀dù. Mo lò wọ́n tán, kò yí nǹkan kan padà. Pásítọ̀ wa wá sílé, ó gbàdúrà pẹ̀lú mi tìfẹ́tìfẹ́, ó sì pè lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan láti béèrè àlàáfíà mi. N kò ní ẹ̀sùn kankan sí i. Òun náà kò mọ ohun tí a ń bá jà, bí èmi náà kò ṣe mọ̀ ọ́n.

Màámi ló kọ́kọ́ mọ̀ pé kì í ṣe ibà. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Káyọ̀dé, ni ó ń gbé, òpópónà díẹ̀ ló wà láàárín ilé wọn àti tiwa. Títa aṣọ òkìrìkà ló fi tọ́ àwa méjèèjì. Ó máa ń sọ pé tí òun bá ti fọwọ́ kan aṣọ, òun ti mọ ibi tí yóò ti ya. Nígbà tó gbọ́ pé ara mi kò yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá lójoojúmọ́ tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ó máa ń jókòó sí ìsàlẹ̀ ibùsùn mi, á gbé ẹsẹ̀ mi lé itan rẹ̀, á máa fi àdí ra á.

Ní ọjọ́ kan ó ní, "Bísí, ṣé ọkọ ẹ ń lù ọ́ ni?"

Mo ní, "Rárá, Màámi."

"Ṣé wọ́n fẹ́ lé ọ kúrò níbi iṣẹ́?"

"Rárá, mà."

"Kí ló wá dé?"

"Mi ò mọ̀, mà."

Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lára ẹsẹ̀ mi. Ó ní, "Ó dáa. Ọjọ́ tí o bá mọ̀ ọ́n, kí o sọ fún mi. Kó tó dìgbà náà, màá máa wá."

Ó sì ń wá. Nígbà míì a kì í sọ ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ títí Bọ̀dá á fi wá mú un lọ sílé. Mo mọ̀ pé ó ń rẹ̀ ẹ́. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àtẹ̀gùn ilé wa sì ga. Mo rí bó ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ tó bá ti gòkè dé. Ẹni tí ara rẹ̀ pé ì bá sọ pé, "Màámi, ẹ má wá lónìí, ẹ sinmi." N kò sọ ọ́ fún un rí.

Rọpárọsẹ̀ ló mú un lọ. Ó ṣubú ní àárọ̀ bó ṣe ń jáde ní balùwẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi kú. Sùnkànmí ló wá bá mi ní ọ̀fíìsì láti sọ fún mi. Ó dúró ní ẹ̀gbẹ́ tábìlì mi pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, omi ti kún ojú rẹ̀. Ó ní, "Bísí, Màámi ti lọ." Mo gbọ́ ọ. Mo bi í pé ṣé ó ti jẹun. Lẹ́yìn náà mo yíjú sí kọ̀ǹpútà, mo parí ìwé tí mò ń ṣe lọ́wọ́. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ dìde, wọ́n wá dúró tì mí.

A sin ín sí Ìjẹ̀bú. Gbogbo ènìyàn ń sunkún. Mo dúró ní ẹsẹ̀ ibojì, ojú mi gbẹ. Mò ń wá Màámi nínú ọkàn mi bí ènìyàn ṣe ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò, n kò rí i. Mo mọ orúkọ rẹ̀, mo mọ ojú rẹ̀, mo mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bu iyẹ̀pẹ̀ lé lórí. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ yẹn kò kan ohunkóhun nínú mi. Ẹni tí irú rẹ̀ kò tíì ṣe kò lè mọ bó ṣe burú tó. Ìyà tó jẹ mí jù nìyẹn, pé ìyà ikú náà kò jẹ mí.

Wọ́n rí i pé n kò sunkún. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin sọ ọ́ létí mi pé ojú ẹni tó mọ nǹkan nípa ikú ló máa ń gbẹ báyìí. Kí a tó padà sí Èkó, ọ̀rọ̀ náà ti rìn káàkiri ẹbí. Bọ̀dá Káyọ̀dé pè mí sẹ́yìn ilé. Ojú rẹ̀ wú fún ẹkún.

Ó ní, "Bísí, ìyá wa ló kú o. Kì í ṣe ìyá aládùúgbò. Àtẹ̀gùn ilé yín ni Màámi ń gùn títí tí ó fi ṣubú."

Ó dúró pé kí n sọ nǹkan. Nígbà tí kò rí ìdáhùn, ó yí ẹ̀yìn sí mi, ó lọ. Láti ọjọ́ náà kò wá sí ilé wa mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò gbé fóònù mi.

Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú, Sùnkànmí bá mi ní balùwẹ̀ ní àárọ̀. Mo ti bu omi sínú garawa, mo jókòó sórí àpótí, n kò tíì fi ọwọ́ kan omi náà. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ níwájú mi, ó ní, "Èmi ò mọ ohun tó ń ṣe ọ́. Ṣùgbọ́n èmi mọ ìwọ. Èyí kì í ṣe ìwọ, ọkàn ẹ kò sì le. Wọ aṣọ, ká lọ sí ọsibítù." Ó gba àyè níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Òun ló bu omi sí mi lára.

Ní ọsibítù ìjọba tí a lọ, dókítà àkọ́kọ́ tó rí wa béèrè ọ̀rọ̀ díẹ̀, ó sì ní kí a lọ sí ẹ̀ka tí wọ́n ti ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ. Nígbà tí mo gbọ́ orúkọ ẹ̀ka náà, mo fẹ́ padà sílé. Ohun tí a mọ̀ ní àdúgbò wa ni pé ẹni tó bá ya wèrè ló ń lọ síbẹ̀. Bẹ́ǹṣì onígi ni a jókòó lé nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan. Obìnrin kan fi gèlè bo ojú rẹ̀ dé imú. Bàbá kan di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ tó ti dàgbà mú ṣinṣin. Mo rí díákónì kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó jókòó nìkan lẹ́bàá fèrèsé. A rí ara wa, àwa méjèèjì sì yára wo ilẹ̀. A dúró pẹ́ kí wọ́n tó pe orúkọ mi, fáànù tó wà lókè ń yí láìfẹ́ atẹ́gùn kankan sí wa.

Dókítà tó gbà wá jẹ́ obìnrin tó lè jẹ́ ẹgbẹ́ mi, ohùn rẹ̀ tutù. Ó béèrè nípa oorun, oúnjẹ, iṣẹ́, ó béèrè bóyá ẹnìkan nínú ẹbí ti ní irú rẹ̀ rí. Ó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, nítorí pé àìsàn ẹ̀yà ara kan tó wà lọ́rùn lè fara jọ èyí. Lẹ́yìn náà ó bi mí láìyí ohùn padà pé, "Ṣé ó máa ń wá sí yín lọ́kàn pé ó sàn kí ẹ má wà láyé mọ́?"

Sùnkànmí wà ní ẹ̀gbẹ́ mi. N kò sọ ọ́ fún un rí. Mo wo ilẹ̀, mo ní, "Ó máa ń wá, mà. Mo máa ń rò pé bí mi ò bá jí, kò ní burú." Sùnkànmí na ọwọ́, ó di tèmi mú, kò sì fi í sílẹ̀ mọ́ títí a fi jáde. Dókítà kò ta gìrì. Ó béèrè ìbéèrè mìíràn nípa rẹ̀, ó sì bá Sùnkànmí ṣètò pé kí wọ́n má fi mí sílẹ̀ ní èmi nìkan fún ìgbà díẹ̀, kí oògùn sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwọ tó ń ka èyí, bí èrò yẹn bá ń wá sí ọ lọ́kàn, sọ fún ẹnìkan lónìí. Má dúró kí ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu kí o tó sọ ọ́. Tèmi kò dùn lẹ́nu rárá, ó sì gbà mí là.

Ìsoríkọ́ ni dókítà pè é, ìrẹ̀wẹ̀sì tó ti kọjá ìrẹ̀wẹ̀sì lásán, tó ti di àìsàn nínú ọpọlọ àti nínú ara. Ó ti lé ní oṣù márùn-ún tí mo ti ń wá orúkọ náà. Ohun àkọ́kọ́ tó wá sí mi lọ́kàn ni pé mo ti mọ̀ ọ́n báyìí, ó yẹ kí n lọ sọ fún Màámi. Mo rántí pé kò sí ẹni tí màá lọ sọ fún.

Dókítà ṣàlàyé oògùn tó fẹ́ fún mi, nítorí pé mo bi í bóyá oògùn oorun ni, bóyá yóò sọ mí di òmùgọ̀. Bí ó ti yé mi ni màá ṣe sọ ọ́. Ọpọlọ kún fún sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn ẹ̀yà ara tó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí wọn. Iṣẹ́ wọn ni láti máa fi ìròyìn ránṣẹ́ sí ara wọn. Àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn kò fara kan ara wọn, àlàfo tín-ín-rín wà láàárín ọ̀kan àti èkejì. Èyí tó ní ìròyìn yóò tú èròjà kan sínú àlàfo náà, èròjà yẹn yóò kọjá, yóò sì bọ́ sí àwọn ẹnu kéékèèké tó wà lára èkejì. Ọ̀kan lára àwọn èròjà náà ni wọ́n ń pè ní sẹrotóníìnì.

Ó bi mí ibi tí mò ń gbé. Mo ní Ajégúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ rò ó bí obìnrin méjì tí gọ́tà wà láàárín wọn. Ọ̀kan ń ju nǹkan sí èkejì. Nínú ọpọlọ, ẹni tó ju nǹkan náà ló tún máa ń nawọ́ kó èyí tó bá ṣẹ́ kù padà. Oògùn yìí máa dí ọwọ́ yẹn lọ́wọ́ díẹ̀, kí ohun tó jù lè pẹ́ níbẹ̀, kí ìròyìn sì dé ọ̀dọ̀ ẹnìkejì."

Mo ní, "Ṣé èròjà náà ló tán nínú ọpọlọ mi, mà?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, "Kì í ṣe bí epo ṣe ń tán nínú jẹnẹrétọ̀. Ọ̀rọ̀ náà le ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn tó ń ṣèwádìí rẹ̀ kò sì tíì mọ gbogbo rẹ̀ tán."

Ó wá sọ ohun tí n kò gbàgbé. Láàárín wákàtí díẹ̀ ni oògùn náà ti máa ń di ọwọ́ yẹn mú, ṣùgbọ́n ara kì í yá lọ́jọ́ náà. Ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Nígbà tí ìròyìn bá ń dé léraléra, sẹ́ẹ̀lì tó ń gbà á yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tún ara rẹ̀ tò. Yóò dín àwọn ẹnu kan kù, yóò yí bí àwọn mìíràn ṣe ń gbọ́ràn padà. Nínú sẹ́ẹ̀lì náà gan-an, ìròyìn yóò máa ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn títí yóò fi dé àárín gbùngbùn rẹ̀, níbi tí àṣẹ ìkọ́lé wà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pàṣẹ pé kí a ṣe àwọn èròjà tó ń bọ́ sẹ́ẹ̀lì bí ajílẹ̀ ṣe ń bọ́ irúgbìn. Àwọn onímọ̀ gbà pé díẹ̀díẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì yóò wá yọ ẹ̀ka tuntun, tí yóò sì nawọ́ sí àwọn tó ti jìnnà sí i. Ó ní, "Ọ̀gbìn ni, Ìyáàfin. Kì í ṣe iná tí a ń tàn."

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ le. Èébì ń gbé mi ní àárọ̀, ẹnu mi gbẹ, mò ń làágùn, ọwọ́ mi ń gbọ̀n lórí kọ̀ǹpútà. Ara mi kò balẹ̀, mo lè dìde jókòó lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ìfẹ́ láàárín tọkọtaya tó ti kúrò lára mi tẹ́lẹ̀ tún jìnnà sí i, a sì ní láti sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, èmi àti Sùnkànmí, pẹ̀lú ìtìjú, bí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ara wọn. Ó ní, "Ìyẹn lè dúró. Ìwọ ni mo fẹ́ kó padà wá ná." Nígbà tí a padà lọ, dókítà fi díẹ̀ kún oògùn náà. Ó tún fi mí mọ obìnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí a jọ jókòó sọ̀rọ̀. Ìjókòó wọ̀nyẹn kò kéré nínú ohun tó ràn mí lọ́wọ́.

Mò ń retí ayọ̀. Ìbínú ló kọ́kọ́ dé. Mò ń rìn lọ ní Wharf Road lẹ́yìn òjò, tírélà kan kọjá, ó sì da omi ẹrẹ̀ sí mi láti orí dé ẹsẹ̀. Mo yíjú, mo bú awakọ̀ náà dáadáa, mo bú u títí tó fi pòórá. Ìgbà tí mo dákẹ́ ni mo ṣàkíyèsí pé àyà mi ń lù kìkì, pé ojú mi gbóná. Ọ̀kan lára àwọn ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu géètì wáàfù ń bẹ̀ mí pé, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀." Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára, ẹnu sì yà mí. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí ohunkóhun ti bí mi nínú gbẹ̀yìn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ata bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí. Oorun gùn díẹ̀ sí i. Mo gbọ́ ìtàn kan tí Tómisìn ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì bi í ní ìbéèrè. Ó wò mí bí ẹni tí kò gbàgbọ́, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé ni mo lọ sí ọjà Boundary láti ra bàtà ilé fún ara mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin Ígbò kan ló ń tà á. Mo mú ọ̀kan, mo yí i wò, mo sì sọ fún un pé, "Ṣé ẹ ní èyí tó fẹ̀ jù báyìí lọ? Ẹsẹ̀ ìyá mi fẹ̀ níwájú." Ó ń tú inú àpò wò. Ó yọ ọ̀kan jáde, ó ní, "Eléyìí á gba Màmá."

Mo di bàtà náà mú. Mo rí ẹsẹ̀ Màámi, ọmọ ìka rẹ̀ tó kéré jù tó máa ń yọ síta lára gbogbo bàtà. Ohun kan já nínú mi. Ẹkún tó jáde lẹ́nu mi kò dà bí ohùn ènìyàn. Mo sunkún fún rọpárọsẹ̀ rẹ̀, fún àtẹ̀gùn ilé wa, fún àdí ọwọ́ rẹ̀, fún ọjọ́ tí mo dúró ní ẹsẹ̀ ibojì tí n kò rí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò béèrè nǹkan kan. Ó kó bàtà kúrò lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, ó ní, "Ẹ jókòó, mà," ó sì dúró síwájú mi kí àwọn èrò ọjà má baà máa wò mí. Mo jókòó pẹ́.

Láti ibẹ̀ ni mo ti pe Bọ̀dá Káyọ̀dé, pẹ̀lú fóònù Sùnkànmí tó wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà. Ó gbé e nítorí pé kò mọ̀ pé èmi ni. Ẹkún ni mò ń sun. Ó ń pe, "Hẹ́lò? Hẹ́lò? Sùnkànmí?" Ó wá mọ ohùn mi. Ó ní, "Bísí?" Mo ní, "Bọ̀dá, Màámi ti kú." Bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé ìròyìn náà dé ni mo ṣe sọ ọ́. Mo gbọ́ tí òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni ó wá sí ilé wa. Mo ṣàlàyé àìsàn náà fún un bí dókítà ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Mo sọ ọ̀rọ̀ kan sí ẹ lẹ́yìn ilé." Mo ní mo gbọ́ ọ nígbà náà, ṣùgbọ́n òní ló tó dùn mí. Ó dì mọ́ mi.

Mo bẹ̀rù pé ẹkún náà túmọ̀ sí pé àìsàn ti padà. Dókítà ní rárá. Ó ní ìbànújẹ́ ẹni tó pàdánù ìyá rẹ̀ kì í ṣe àìsàn, pé ọpọlọ tó ń gbé ìròyìn bó ṣe yẹ gbọ́dọ̀ lè gbé ìròyìn ikú náà.

Kì í ṣe ibẹ̀ ni ó parí sí. Nígbà tí ara mi yá, mo dá oògùn náà dúró láìbéèrè. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, orí mi bẹ̀rẹ̀ sí í yí, nǹkan kan ń ta mí nínú agbárí bí iná mànàmáná, oorun sì tún sá. Ara mi tún bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Dókítà kò bá mi wí. Ó ní àwọn sẹ́ẹ̀lì ti tún ara wọn tò pẹ̀lú oògùn náà, ẹni tó bá fà á kúrò lójijì ń mì wọ́n. Tí àsìkò bá tó, a ó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Mo ṣì ń lò ó lọ́wọ́ báyìí. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù, èmi àti díákónì ìjọ wa ti ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà. A kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó máa ń bi mí pé, "Ṣé ẹ sùn?" Èmi náà á bi í.

N kò lè sọ pé mo ti padà di ẹni tí mo jẹ́ tẹ́lẹ̀. Àwọn ọjọ́ kan wà tí òkùnkùn náà máa ń dé ẹnu ọ̀nà. Ohun tó ń dùn mí jù, tí oògùn kankan kò lè yí padà, ni pé Màámi kú nígbà tí n kò sí nílé nínú ara mi. Kò rí mi kí ó tó lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Sùnkànmí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo sì ti kọ́ láti dúpẹ́ lọ́wọ́ ara mi yìí pẹ̀lú, àti àwọn sẹ́ẹ̀lì tí n kò lè rí, tí wọ́n ń na ẹ̀ka sí ara wọn nígbà tí èmi fúnra mi ti ṣíwọ́ nínína ọwọ́ sí ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí a ń ṣe ìrántí ọdún kan, Bọ̀dá ní kí n sọ̀rọ̀ nípa Màámi níwájú ẹbí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin wà níbẹ̀, ní ìlà iwájú. Mo dìde. Mo sọ nípa aṣọ òkìrìkà, mo sọ bó ṣe máa ń fi ìka wá ibi tí aṣọ yóò ti ya. Níbẹ̀ ni ohùn mi ti gé. Omi ń dà lójú mi, n kò nù ún. Kò sí ẹni tó kán mi lójú. Mo dúró títí ohùn mi fi padà, mo sì sọ ìyókù.